Òbí Tí Ó Gbé Ọmọ Pamọ́ fún Kóòtù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣe ọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó máa ń wà lẹ́nu wa ní Ìlú Ọba, nígbà tí ilé bá dàrú láàárín tọkọtaya, tí ọ̀kan sì gbé ọmọ lọ sí Nàìjíríà láìjẹ́ kí ẹnìkejì mọ̀. Bí adájọ́ bá ní kí ó dá ọmọ padà, tí ó kọ̀, ó lè bá ara rẹ̀ lẹ́wọ̀n nítorí pé ó tàpá sí àṣẹ kóòtù. Nígbà náà ni a ó máa bi ara wa pé: ṣé ó tọ́ kí a ti èèyàn mọ́lé nítorí ọmọ tí ó bí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí òfin ti rí. Ní England, òfin ọdún 1981 ni pé ẹ̀wọ̀n àrífín sí kóòtù kò gbọdọ̀ ju ọdún 2 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá ṣe ohun tí adájọ́ wí lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tú òun sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ìdápadà ọmọ ni wọ́n ń wá. Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn Hague ti ọdún 1980 lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà òbí tí ó wà níhìn-ín ni ọwọ́ adájọ́ lè tẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lè le ju báyìí lọ. Ní Washington, ní ọdún 1987, wọ́n ti dókítà kan, Elizabeth Morgan, mọ́lé nítorí pé ó kọ̀ láti sọ ibi tí ọmọbìnrin rẹ̀ wà. Ó ní bàbá ọmọ náà ń bá a ṣe ìṣekúṣe. Bàbá ní irọ́ ni. Obìnrin yìí lò ju ọdún 2 lọ lẹ́wọ̀n, kò sọ̀rọ̀, títí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fi ṣe òfin tí ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1989. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ọmọ náà ní New Zealand, lọ́dọ̀ àwọn òbí ìyá rẹ̀.

Bí ohun tí ìyá yìí wí bá jẹ́ òótọ́, ta ni nínú wa ni ìbá sọ̀rọ̀? Bí kò bá sì jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òbí tí ó gbé ọmọ sá ti di olùpẹ̀jọ́, ẹlẹ́rìí àti adájọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà tiwa pàápàá kì í parí ìjà tọkọtaya láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì jókòó. Nítorí náà, a gbà pé kóòtù lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ipá mú un. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tí kò lópin kò ní mú ọmọ padà wá; ọmọ tí ó ti pàdánù bàbá yóò tún pàdánù ìyá ni.

Ọ̀rọ̀ kan kù, tiwa sì ni. Òbí kì í sábàá rí ọmọ gbé pamọ́ láìsí ẹbí tí ó ràn án lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbé ọmọ-ọmọ dé bá wa lójijì, ká má kàn máa yọ̀. Ká béèrè pé: "Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé ọmọ wà níbí?" Bí àwa àgbà bá tètè béèrè, ó ṣeé ṣe kí adájọ́ má rí ẹni tì mọ́lé. Ẹni méjì ni ó bí ọmọ. Kí ẹnìkan má ṣe dá ẹjọ́ rẹ̀.