Ṣé Íntánẹ́ẹ̀tì Ní Ọwọ́?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kó tó dé orí àrán.

Mo rí fọ́tò ahunṣọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ ká lò síwájú ìwé wa yìí. Orúkọ ẹni tó yà á wà nísàlẹ̀. Mo gé e kúrò kó lè dùn ún wò.

Nígbà tí mo délé ní Ìsẹ́yìn, mo fi han ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń hun òfì. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló yà á?"

Mo ní, "Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, sà."

Wọ́n ní, "Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì ní ọwọ́ ni?"

Mo ṣe àwáwí. Mo ní béèyàn bá jí ewúrẹ́, olówó ewúrẹ́ ò ní rí i mọ́. Fọ́tò yìí ṣì wà níbi tó wà. Mo ní àwọn ahunṣọ náà ń wo ọnà ara wọn, àbí ta ló ni ẹtù? Bàbá ní kò sẹ́ni tó ni ẹtù, ṣùgbọ́n ẹtù tí òun bá hun, òun lòun hun ún. Ọmọ iṣẹ́ lè wo ọwọ́ ọ̀gá kọ́ṣẹ́. Kò gbọdọ̀ pe aṣọ ọ̀gá ní tiẹ̀ lọ́jà.

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2023, ò jìnnà síyẹn. Kò dáàbò bo èrò lásán. Iṣẹ́ téèyàn fi èrò náà ṣe ló ń dáàbò bò. Ìwé tí òǹkọ̀wé kọ ń jẹ́ tiẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Pé nǹkan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò sọ ọ́ di ti gbogbo ayé.

Kí wá ni ayafọ́tò yẹn pàdánù? Ẹ bi àwọn aládìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Aṣọ wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ Ṣáínà ń gba oníbàárà wọn. Orúkọ tí mo gé kúrò, òun gan-an ni ọ̀nà tí oníbàárà ìbá gbà wá oníṣẹ́ kàn.

Mo kọ̀wé tọrọ àyè. Èsì ò tíì dé. Àwọn kan nínú wa ní ta ni yóò rí fọ́tòkọpí ní Ṣakí? Èmi ti rí i jàre.

Bí iwájú ìwé yìí bá ṣófo lójú yín, èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí.