Ta Ni Yóò Sọ Òtítọ́ fún Mi?

Olùkọ́ wa ní kí a wádìí bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń lo AI, irú bíi ChatGPT. Mo kọ́kọ́ pín ìwé ìbéèrè fún ọgbọ̀n ọmọ kíláàsì wa: "Ṣé o ń lò ó? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́." Méjì péré ló dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá mọ kíláàsì wa yóò rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé iye kò wúlò. Ní ọdún 2024, Báǹkì Àgbáyé fi Copilot kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìpínlẹ̀ Ẹdó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìdánwò sì fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì wọn dára sí i. Ṣùgbọ́n máàkì kò lè sọ ìdí tí ọmọ fi ń purọ́ lórí ìwé ìbéèrè.

Mo bá jókòó ti ọ̀rẹ́ mi kan. Mo ṣèlérí pé n kò níí dárúkọ rẹ̀, mo ní kó máa sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú níbí. Òun ló ń se oúnjẹ, tó ń wẹ àwọn àbúrò rẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ ló tó ń ṣí ìwé. Ó ní fóònù kì í jágbe mọ́ òun, bí òun tilẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ ohun kan tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí, nítorí máàkì tèmi wà nínú rẹ̀. Inú bí mi, n kò níí parọ́.

Olubi Sodipo àti Barry Hallen bá àwọn oníṣègùn Yorùbá jókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé wọn jáde ní 1986. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé èyí tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí ni ìmọ̀. Èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni. Èmi kò rí aago mẹ́wàá alẹ́ ilé wọn. Mo gbà á gbọ́ ni, òun náà sì gbà mí gbọ́. Bí mo bá tú àṣírí rẹ̀ nítorí máàkì, kí ni mo tún fẹ́ fi wádìí?

Yíyọ orúkọ nìkan kò sì tó. Nínú ọmọ ọgbọ̀n, ta ni kò níí mọ̀ ọ́n? Nítorí náà mo gbé ìwé yìí fún un kí n tó fi í sílẹ̀. Ohun tó ní kí n yọ, mo yọ ọ́. Ó wá fi bírò fa ìlà sábẹ́ "aago mẹ́wàá alẹ́", ó ní ìyẹn kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.