Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé yàrá. Èmi ń kọ́ Yorùbá, àwọn méjì yòókù ń kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Àwọn méjèèjì kọ̀wé síṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan náà l'Ékòó, irú àwọn tó ń gba àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá nímọ̀ràn, tí wọ́n ń pè ní consulting. Wọ́n ní kí wọ́n wá ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ra géèmù ìdánrawò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èkejì ò lówó.

Ẹ má rò pé ìdánwò bíi ti WAEC ni o. Ẹ wo McKinsey, tó ṣí ọ́fíìsì sí Èkó ní 2010. Orí bébà ni ìdánwò tiwọn wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé géèmù tí wọ́n ń pè ní Solve dé. Ọ̀kan nínú àwọn eré tí wọ́n ti lò níbẹ̀ ni pé kí èèyàn ṣa ẹranko àti ewéko 8 nínú bíi 39, kó fi wọ́n dá ayé kékeré kan sílẹ̀ lábẹ́ òkun tàbí lórí òkè. Kálórì tí eléyìí máa jẹ gbọ́dọ̀ wà lára tọ̀hún. Bí ẹja kan bá jẹun jù, ayé yẹn dàrú nìyẹn. Wọn ò béèrè ìmọ̀ okòwò. Wọ́n fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń ronú nígbà tó bá pàdé ohun tí kò rí rí. Kódà, kì í ṣe ìdáhùn nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wo ọ̀nà téèyàn gbà débẹ̀. Irú eré bẹ́ẹ̀ náà ló wà níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Bó bá jẹ́ ohun téèyàn ò rí rí ni wọ́n fẹ́ fi dán an wò, kí la máa pe ẹni tó ti rí i nígbà ogún lórí bẹ́ẹ̀dì?

Èmi ní màgòmágó ni. Mo sì sọ ọ́ síta, ẹnu mi kì í gbélẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ò tiẹ̀ bínú. "Akéwì," ó ní, "ewì tó o ké lálẹ́ ọjọ́sí, ṣé o ò kọ́kọ́ ké e níwájú dígí ni?"

Mo dákẹ́. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo ké e níwájú dígí.

Ẹ wo ayò ná. Ihò 12, ọmọ ayò 48, gbogbo ẹ̀ wà lójútáyé. Kò sẹ́ni tó máa pe ọ̀ta ní olè torí pé ó ti ń ta á láti kékeré. Ìdánrawò kì í ṣe olè, mo gbà. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi ni òpè ti ń kọ́ ayò. Àwọn òwòran á máa pariwo, "Má ta ìyẹn!", ọ̀fẹ́ sì ni. Ta ló ń gba owó ẹnu ọ̀nà lábẹ́ igi?

Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ta ló sọ fún arọ náà? Èló ló gbà? Arọ ilé kejì tí kò rẹ́ni sọ fún un ńkọ́? Ohun tó ń dùn mí nìyí: bí ogun bá pa ìyẹn, wọ́n á ní kò gbọ́n ni. Ẹni tí kò lówó ìdánrawò máa já, lẹ́tà á sì wọlé, ohun táwa náà máa kà nínú ẹ̀ ni pé kò mọ̀ ọ́n rò.

Síbẹ̀, gàrí lẹni tó ra géèmù yìí ń mu. Ta ló tó sọ fún un pé kó yá ẹni tí wọ́n jọ ń du iṣẹ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ní "kó yá a", ṣé ẹ ti fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń du ipò kìíní ní nóòtù yín rí?

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ wọ́n mú iná lọ. Ẹni tó ra géèmù tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, bátìrì ò ju ìlàjì lọ. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ wò lè wò o, àmọ́ kò ní fọwọ́ kàn án." Èkejì fa àga, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ní, "Má mú ẹja yẹn!"

Ọ̀rẹ́ mi ò yíjú. Ṣùgbọ́n kò mú ẹja náà.