Wàrà Ọmọ Òrukàn: Ṣé Sàráà Ni Tàbí Gbèsè?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó pèsè wàrà sí àyà ìyá kí ọmọ tó fojú kan ayé. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí a bí lẹ́yìn ikú baba rẹ̀, àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo gba ara mi àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Bí a bá dárúkọ ọmọ òrukàn, ọmọ tí ó ti ń rìn, tí ó ń lọ sílé kéwú, tí ó sì lè na ọwọ́ tọrọ, ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. A kì í rántí ìkókó tí ìyá rẹ̀ bá ìrọbí lọ. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí ìjọba lórí ìlera ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, ìyá 512 ni ikú ń pa nínú oyún, níbi ìkúnlẹ̀, tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní abúlé Òkè-Ògùn, níbi tí ilé ìwòsàn ti jìnnà, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ka iye fún yín.

Ta ni ó ni ẹrù ìkókó yìí? Ohun tí a bá fún un, ṣé sàráà ni, tàbí gbèsè tí a ń san?

Nínú Súrà Al-Baqarah, ẹsẹ 233, Ọlọ́hun mẹ́nu ba ọdún méjì ìfọ́mọlọ́mú, Ó fi ìnáwó rẹ̀ sọ́rùn baba, lẹ́yìn náà Ó dárúkọ àrólé. Àwọn onímọ̀ jiyàn lórí ẹni tí àrólé yìí jẹ́ àti bí ẹrù rẹ̀ ti wúwo tó, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìní olúwa. Nítorí náà, baba tí ó wà láàyè, tí ó gbé ìkókó fún ìyá ìyàwó rẹ̀ tí ó ti darúgbó, tí ó sì lọ fẹ́ ẹlòmíràn, gbèsè ni ó ń jẹ. Àwọn kan ń fi òye ẹ̀sìn sá: wọ́n ní ẹni tí baba rẹ̀ kú kí ó tó bàlágà nìkan ni yàtíímù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ebi kò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ẹbí tí ó sì ń pín ilẹ̀ olóògbé nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń mu omi ògì, kí wọ́n má ṣe pe owó mílíìkì ní àánú.

Èyí tí ó tún burú jù ni ti àwọn tí wọ́n ń sọ pé ọmọ náà ni ó pa ìyá rẹ̀. Ẹ̀sùn wo ni a lè fi kan ẹni tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì?

Bí ẹbí kò bá ní, ó di ti gbogbo ìjọ. Àwọn onítàn ẹ̀sìn wa sọ pé nígbà tí àwọn obìnrin Banu Saad wá sí Mẹ́kà láti gba ọmọ tí wọn yóò fún lọ́mú, wọ́n ń fo ọmọ Aminah kọjá nítorí pé kò ní baba tí yóò san oore fún wọn. Halimah gbà á nígbẹ̀yìn, nítorí pé kò fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Àwa náà ń ṣe é. Ìkókó kò lè dúpẹ́, kò lè ki wa níbi ayẹyẹ, kò sì ní rántí ojú wa. Nítorí náà, a máa ń gbé páálí kan lọ, a ó ya fọ́tò, a ó sì padà. Ọmọ tuntun ń jẹun tó ìgbà mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sán àti òru kan. Ọjọ́ mélòó ni páálí kan yóò gbé e dé?

Ní tèmi, ó dára kí ìrànwọ́ bá ọmọ lọ sí ilé ìyá àgbà rẹ̀ ju kí a gbé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí lọ sí ìgboro. Kí mílíìkì náà jẹ́ èyí tí a ṣe fún ìkókó, kí a fi omi tí ó hó pò ó, kí a sì fi ife kékeré tí a fọ̀ mọ́ bu ún fún un, nítorí ìgò ṣòro láti fọ̀ ní abúlé.

Bí obìnrin kan bá yọ̀ǹda láti fún un lọ́mú, oore ńlá ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí HIV, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú ẹbí méjèèjì. Ní ojú ọ̀nà Imam Malik tí a ń tẹ̀lé, bí wàrà náà tilẹ̀ kéré, ó ti sọ ọmọ náà di ọmọ obìnrin yẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ di ọmọ ìyá fún un, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fẹ́ ara wọn láéláé. Lẹ́yìn ogún ọdún, ta ni yóò rántí bí a kò bá kọ ọ́?

Lẹ́yìn ìrun, ìwé kan yóò wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tí ó bá lè gbé owó mílíìkì oṣù kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́fà, kí ó kọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a mọ òun, kí ó bá akápò sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Kí ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tọ́mọ lọ́wọ́, tí ẹ sì lè ṣe ìrànwọ́, rí Ìyá Àdínì.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn ìyá tí wọ́n bá ìrọbí lọ, kí Ó gbà wọ́n ní ṣàhíìdì, kí Ó sì dá àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ sí. Àmín.