Àgbọ̀n Ṣadé

BÀBÁ ṢADÉ: Ìyábọ̀, ìwọ nọ́ọ̀sì lo sọ fún mi pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kí ló wá dé tí wọ́n fẹ́ gé eegun àgbọ̀n ọmọ ọdún 17?

ÌYÁBỌ̀: Bọ̀dá mi, kì í ṣe jẹjẹrẹ lóòótọ́. Ameloblastoma ni. Ibi tí eyín ti ń ṣẹ̀ ló ti hù. Kò dùn ún, ìyẹn la ṣe fojú di í títí eyín rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ rántí X-ray yẹn: inú eegun rí bí ìgbà tí ọṣẹ bá hó. Àwọn kókó mìíràn sì lè rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bù díẹ̀ lọ wò lábẹ́ mikirosíkóòpù.

BÀBÁ ṢADÉ: Kí la ṣe tó fi jẹ́ àwa?

ÌYÁBỌ̀: Kì í ṣe àwa nìkan. Olùwádìí kan, Odukoya, kọ ọ́ ní 1995: nínú kókó eyín 289 tó yẹ̀ wò ní Nàìjíríà, ameloblastoma ju ìdajì lọ.

BÀBÁ ṢADÉ: Kí wọ́n ha á nígbà náà, kí wọ́n fojú ọmọ mi sílẹ̀.

ÌYÁBỌ̀: Irú kan wà tó dà bí àpò omi, wọ́n máa ń ha ìyẹn nígbà míì. Tirẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ó ti yọ́ wọ inú eegun kọjá ibi tí ojú ń rí, ni wọ́n ṣe ń gé tó sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lára eegun tó ṣì dára mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ha á, ó ṣeé ṣe kó tún hù, kódà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

BÀBÁ ṢADÉ: Ọdún mẹ́wàá! Á ti lọ sí yunifásítì, á ti relé ọkọ pẹ̀lú ojú tí Ọlọ́run fún un. Ṣé nǹkan kékeré nìyẹn?

ÌYÁBỌ̀: Rárá, kì í ṣe nǹkan kékeré, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá padà dé, eegun tí wọ́n máa gé lè ju ti òní lọ. Lónìí, wọ́n lè fi eegun ìbàdí rẹ̀ dí àlàfo náà. Ẹ ti bi í ṣá?

BÀBÁ ṢADÉ: Ọmọdé ni.

ÌYÁBỌ̀: Ọmọdé tó ti ń fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún tó kọjá. Ó mọ̀ pé à ń fi nǹkan pa mọ́.

BÀBÁ ṢADÉ: Ká sọ fún un pé eyín rẹ̀ máa bá eegun náà lọ? Bó bá sunkún ńkọ́?

ÌYÁBỌ̀: Á sunkún, Bọ̀dá mi. A ó jókòó tì í.

BÀBÁ ṢADÉ: … Pè é wá. Ìwọ ṣàlàyé X-ray fún un. Èmi ni màá sọ ti eyín.