Ohùn Tó Ní Kó Lọ Ya Àwòrán Orí

Ní Dìsẹ́ńbà 1997, Ikechukwu Azuonye, dókítà ọmọ Nàìjíríà tó ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìtàn aláìsàn rẹ̀ kan sínú BMJ, ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1984, obìnrin yìí ń kàwé nílé rẹ̀ ni ó bá gbọ́ ohùn. Ohùn náà ní kó má bẹ̀rù, ìrànlọ́wọ́ ni òun bá wá. Wọ́n fún un lóògùn, ohùn lọ. Nígbà tó yá, ó tún dé. Ó ní kókó wà nínú ọpọlọ rẹ̀, kó lọ ya àwòrán orí. Wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, wọn ò rí àmì kankan. Azuonye ṣáà bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yà á fún un kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Kókó wà níbẹ̀ lóòótọ́! Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ yọ ọ́. Bó ṣe jí, ohùn dágbére fún un, kò sì gbọ́ ọ mọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni mí, ìjọ aláṣọ funfun sì ni mo ń lọ. Ní ìjọ wa, wọn yóò ní Ẹ̀mí ló sọ̀rọ̀. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́, wọn yóò ní kókó ló ń yọ ọpọlọ lẹ́nu. Èmi ò rí ìdí tí ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ lé èkejì jáde. Bí Ẹlẹ́dàá bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ibo ni ọ̀rọ̀ yóò gbà wọlé bí kò bá gba inú ọpọlọ tí Ó fúnra Rẹ̀ dá?

Ṣùgbọ́n pé nǹkan ṣàjèjì kò sọ ọ́ di ìran. Kókó tó wà lẹ́yìn orí lè mú kí ènìyàn máa rí ìmọ́lẹ̀ tí kò sí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí lè mú òórùn wá. George Gershwin, olórin Amẹ́ríkà, ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jóná. Wọ́n ní ìdààmú ọkàn ni. Ní Júláì 1937, kókó ọpọlọ pa á, ẹni ọdún 38.

Ohun tó ń dùn mí ni wòlíì tí yóò ní ayé ló ń fi iná jó irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí yóò wá fi ààwẹ̀ kún ààwẹ̀ fún un títí ojú rẹ̀ yóò fi fọ́. Láti 1962 tí Latunde Odeku, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti dé ọsibítù UCH Ìbàdàn ni iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti wà nítòsí wa. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá nínú Ẹ̀mí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: ẹ gbàdúrà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.