Òfin Ẹnu Àgbà àti Òfin Inú Ìwé: Èwo La Lè Gbára Lé?

Bí ìjà ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lábúlé wa nítòsí Lálúpọn, a kì í kọ́kọ́ ṣí ìwé. Àgbà là ń pè. Àgbà á dúró létí oko, á nawọ́ sí ìdí pèrègún, á sọ ẹni tó gbìn ín àti ìdí tó fi gbìn ín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni òfin. Ṣùgbọ́n bí àgbà náà bá kú ńkọ́? Bí ẹnìkan bá hú pèrègún lóru ńkọ́? Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ohun tó jẹ́ ti gbogbo ẹbí wà lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo?

Àwọn kan á ní òfin wa ti wà kí ìwé tó dé, kò sì bàjẹ́. Òótọ́ ni. Títí dòní, kóòtù ìbílẹ̀ ń gba ẹ̀rí ẹnu, a sì mọ̀ pé ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé Mọ́gàjí àti àwọn àgbà ilé fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ti ń wọ inú oko Lágẹlú, Ẹ̀gbẹ́dá, Akínyẹlé àti Ọ̀nà-Àrà báyìí. Níbi tí à ń gbin iṣu àti kòkó sí, púlọ́ọ̀tì là ń tà níbẹ̀. Owó ń mú kí ènìyàn gbàgbé ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún un. Opó àti ọmọ òrukàn ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù, nítorí ẹni tó mọ ààlà wọn ti kú.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn kó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, ti rí irú ewu yìí ṣáájú wa. Ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àṣà, ètò ìjọba àti òfin ilẹ̀ wa. Ó parí ìwé náà ní 1897. Ní 1899, wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílé jọ, ó tún un kọ. Ní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tó ń gbé e lọ, ìwé náà sì bá ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò parun nítorí pé kò sí níbì kan ṣoṣo, ẹni méjì ló sì mọ̀ ọ́n.

Ìwé òfin kan ní Wales náà rìn dé Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kẹrìnlá ni wọ́n kọ ọ́, ó sì kéré tó ohun tí adájọ́ lè kì bọ àpò. Òfin tí wọ́n ń pè ní ti ọba Hywel Dda ló wà nínú rẹ̀. Boston ló wà kí Ilé Ìkówèésí Orílẹ̀-Èdè Wales tó rà á padà ní 2012. Ṣùgbọ́n láti 1536 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin tirẹ̀ rọ́pò òfin Wales. Ìwé padà sílé, kò sì sí ẹni tó ń fi í dájọ́ mọ́.

Ìwé tí kò ní ènìyàn di ohun ìwòran. Ènìyàn tí kò ní ìwé di ìjẹ fún òpùrọ́.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé ṣé ìwé kì í purọ́ ni. Ó ń purọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà ti tẹ ìka sí ìwé tí wọn kò lè kà, ilẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní kí ìwé gba ipò àgbà. Kí àgbà sọ ọ́, kí ọmọ tó mọ̀wé kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ó kà á sókè létí gbogbo ẹbí, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí ẹni tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà wà níbẹ̀, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé.

Lójú tèmi, ẹni tó mọ ààlà tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n ti ń ja aláìlágbára lólè, ìbáà jẹ́ ẹnu ló fi pa á mọ́, ìbáà jẹ́ inú àpótí. Àwa ọmọ ilé ìwé mọ̀wé kọ, àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà sì ṣì wà láàyè. Ẹ jẹ́ ká lọ bi wọ́n.